Fúláwà Gbígbẹ Tàbí Fúláwà Ẹlẹ́yin?

Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀ jù tí wọ́n ń gbà dín squid, ẹran òkun tí kò léegun yẹn, ní Sípéènì. Ní Cádiz àti agbègbè gúúsù, fúláwà tí kò kúnná jù ni wọ́n ń yí i mọ́. Wọ́n á gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù nínú asẹ́, ó di inú òróró ólífì gbígbóná. Ní Madrid, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fi ẹyin kún fúláwà, kí wọ́n sì kó o sínú búrẹ́dì bó ti gbóná. Àwọn tó ń tà á nítòsí gbàgede Plaza Mayor níbẹ̀ kì í ráyè jókòó.

Nínú ilé, ti Cádiz ni mo fara mọ́.

Squid kì í dúró deni. Bí òróró bá ti gbóná tó ìwọ̀n 180 ti Celsius, ìṣẹ́jú kan sí méjì ti tó. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, á yi, àfi kéèyàn tún sè é nínú ọbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rọ̀ padà. Fúláwà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń gan kíákíá, ojú ẹni sì ń rí ẹran náà. Òótọ́ ni pé èèpo ẹlẹ́yin máa ń gba iná díẹ̀ lára ẹran, ṣùgbọ́n ó ń bo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú mọ́lẹ̀. Ó sì ń fa òróró mu.

Iṣẹ́ tó ṣòro jù kì í ṣe dídín rárá, títún squid ṣe ni. Ẹ fa orí rẹ̀, ìfun á bá a jáde. Ẹ ki ìka bọ inú àpò ara rẹ̀, ẹ ó bá ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ gaara bí ike. Ẹ fà á yọ. Ẹ bó awọ elésè àlùkò, ẹ gé e ní òrùka òrùka, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tẹ omi inú rẹ̀ gbẹ pátápátá. Omi tó bá kù á mú kí òróró ta síni lára, fúláwà á di lẹ́ẹ̀, ẹyin á sì bọ́ kúrò lára ẹran nínú agbada. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kó o sínú òróró, kí òróró má baà tutù.

Ẹni tó fẹ́ kì í sínú búrẹ́dì, kó po ẹyin mọ́ fúláwà, torí èèpo yẹn ló lágbára jù níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ adùn squid fúnra rẹ̀, fúláwà gbígbẹ ni kó lò, kó wọ́n iyọ̀ sí i bó bá ti kúrò lórí iná, kó sì tètè jẹ ẹ́, torí bó bá tutù kì í gan mọ́.