Tọkọtaya Lójú Ọ̀nà Òkè-Ògùn

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ó ti fẹ̀yìn tì a máa fi ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú rìnrìn àjò ìgbádùn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n irú ìsinmi náà kò jìnnà sí wa. Bí tọkọtaya bá gun òkè Adó-Àwáyè, wọn yóò rí adágún Ìyakẹ lórí àpáta. Ní Ìsẹ́yìn, wọn yóò bá àwọn ahunṣọ nídìí òfì. Láti ibẹ̀ dé Ìpàpó, ọ̀dàn ni, pẹ̀lú igi òrí àti igi irúgbá. A gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n má ṣe rìn lóru. Ìlú ni kí wọ́n sùn. Tọkọtaya tí kì í ráyè bára wọn sọ̀rọ̀ nílé yóò ráyè lójú ọ̀nà.