«Ọjà Tí A Bá Ti Tà, A Kì í Gbà Á Padà»: Ohun Tí Òfin Sọ, àti Ohun Tí Ó Yẹ Onígbàgbọ́

Kò sí ẹni tí ó ń náwó ní ìlú wa tí kò tí ì bá gbólóhùn yìí pàdé rí. Wọn a tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, wọn a kọ ọ́ sí ara pátákó lẹ́yìn ẹni tí ń gba owó, àwọn mìíràn a sì fi ẹnu sọ ọ́ kí wọ́n tó di ọjà fún olùrà: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, owó tí ó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ni ó ti gbé ohun tí kò ṣiṣẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù, tí a sì fi gbólóhùn yìí dá wọn lóhùn. Wọ́n padà sílé pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, nítorí wọ́n rò pé ohun tí a bá ti tẹ̀ sínú ìwé ti di òfin. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn ọmọ ìjọ kan náà ni ó ni púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó tọ́ kí a ṣàlàyé ohun tí òfin orílẹ̀-èdè wa sọ, ibi tí ẹ̀tọ́ olùrà parí sí, àti ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ Kristi ṣe nígbà tí ọjà tí ó tà bá já ẹlòmíràn kulẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí láàárín àwọn baba wa

Dídá ọjà padà kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Ẹni tí ó bá ra iṣu lọ́jà, tí ó gé e délé tí ó rí i pé inú rẹ̀ ti rà, yóò mú un padà lọ́jọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, ìyá oníṣu yóò sì bá a pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ra gààrí, a ó kọ́kọ́ bu díẹ̀ sẹ́nu. Bí a bá fẹ́ ra aṣọ, a ó nà án sójú oòrùn. Olùrà mọ òǹtajà, òǹtajà sì mọ ilé olùrà; ibi kan náà ni ìyá yẹn yóò pàtẹ sí ní ọjọ́ ọjà mìíràn. Ojú tí a jọ ń rí ara wa ni ó dúró fún ọjà. Òǹtajà tí ó bá sì mọ iyì oníbàárà a máa fi èènì sí i.

Nígbà tí ọjà di ti ṣọ́ọ̀bù, nǹkan yí padà. Inú páálí tí a ti lẹ̀ pa ni ọjà wà, olùrà kò lè tọ́ ọ wò. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ wa kì í ṣe ẹni tí ó ni ọjà. Ọmọ iṣẹ́ ni, kò sì ní àṣẹ láti dá kọ́bọ̀ padà. Bí a bá béèrè ọ̀gá, wọn a ní ó ti rìnrìn àjò. Bí a bá padà wá, wọn a ní kí á lọ bá ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà. Nígbà mìíràn wọn a gbà pé ọjà kò dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn a ní dípò owó, kí á wá nǹkan mìíràn tí iye rẹ̀ bá a mu nínú ṣọ́ọ̀bù, yálà a nílò rẹ̀ tàbí a kò nílò rẹ̀. Ibí ni ìbínú ti ń wá.

Ohun tí òfin sọ

Láti ọdún 1893 ni òfin ọjà títà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó di ara òfin tí a jogún ní Nàìjíríà, ti fi lélẹ̀ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe tí a fi tà á mu. Ó sì sọ pé bí olùrà bá sọ ohun tí ó fẹ́ fi ọjà ṣe fún òǹtajà, tí ó sì gbára lé ìmọ̀ òǹtajà náà, ọjà náà gbọ́dọ̀ yẹ fún iṣẹ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni Ìjọba Àpapọ̀ ṣe òfin ọdún 1992 tí ó dá ìgbìmọ̀ ààbò oníbàárà sílẹ̀. Òfin tí ó rọ́pò rẹ̀ ni Òfin Ìdíje Òwò àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Àjọ tí a mọ̀ sí FCCPC ni ó ń mú un ṣẹ. Abala 122 òfin yìí ni ó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Ó sọ pé yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ tí olùrà ti ní láti dá ọjà tí ó léwu tàbí tí ó ní àbùkù padà, ó tún lè dá ọjà padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀ nínú ọ̀nà méjì.

Ọ̀nà kìíní ni pé olùrà ti sọ iṣẹ́ pàtó tí ó fẹ́ fi ọjà náà ṣe fún òǹtajà, tí ó sì hàn láìpẹ́ pé ọjà náà kò yẹ fún iṣẹ́ yẹn. Ọ̀nà kejì ni pé olùrà kò ní àǹfààní láti yẹ ọjà náà wò kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó sì kọ̀ ọ́ láìpẹ́ nítorí pé kò bá àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ tí a fi hàn án mu. Ọ̀nà kejì yìí kan àwọn tí ń ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lórí fóònù, tí ó jẹ́ pé àwòrán lásán ni wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ akọrin kan dá owó jọ, títí kan owó opó tí ó ń ta ẹ̀kọ, láti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n sọ fún òǹtajà pé inú ilé ìsìn tí ó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn ni àwọn yóò ti lò ó. Ó gbé ọ̀kan fún wọn, ó ní èyí yóò ṣe é. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kò dé ìdajì ilé, nítorí ẹ̀rọ inú yàrá ni. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Iná rẹ̀ ń tàn. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà kí wọ́n sì gba owó wọn, nítorí wọ́n ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ká ní wọn kò sọ nǹkan kan, tí wọ́n kàn nàka sí i pé èyí ni àwọn fẹ́, ẹjọ́ wọn ìbá má lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ìkìlọ̀ tí a tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì wá lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ wọn? Rárá o. Òfin kan náà kò fi àyè gba àdéhùn tí a ṣe láti fi sọ ẹ̀tọ́ tí ó fún oníbàárà di asán. Àjọ FCCPC pẹ̀lú ti kéde rẹ̀ ní gbangba pé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Òfin náà tún pa á láṣẹ pé kí òǹtajà fún olùrà ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó rà, kí ó sì jẹ́ kí ó hàn gbangba bí ọjà náà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí a tún ṣe. Kò tọ́ kí a nu tòkunbọ̀ dán kí a sì tà á bí tuntun.

Ibi tí ẹ̀tọ́ olùrà parí sí

Ó yẹ kí a sọ ìhà kejì pẹ̀lú. Òfin kò sọ pé kí òǹtajà gba ọjà padà nítorí pé ọkàn olùrà yí padà. Bí a bá ra bàtà tí ó dára, tí ó bá ẹsẹ̀ wa mu, tí a délé tí ọ̀rẹ́ wa ní àwọ̀ rẹ̀ kò wu òun, òǹtajà kò jẹ wá ní gbèsè kankan. Bí ó bá gbà á padà, ìwà ọmọlúàbí ni ó hù. Bákan náà, bí òǹtajà bá fi àbùkù ọjà hàn wá, tí ó sì torí rẹ̀ dín owó kù, a kò lè fi àbùkù yẹn kan náà dá a padà.

Àwọn ẹbí wa tí ó wà ní Ìlú Ọba a máa sọ pé lọ́dọ̀ tiwọn, gbogbo ọjà ni a lè dá padà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Òfin ọdún 2015 níbẹ̀ fún olùrà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ ọjà tí ó ní àbùkù kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ẹni tí ó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ fúnra rẹ̀, tí ó yan ọjà tí ó dára, kò ní irú ẹ̀tọ́ yẹn. Inú rere ṣọ́ọ̀bù ni ó ń jẹ. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ti rí i pé inú rere yìí ni ó ń mú oníbàárà padà wá.

Ìdí tí àwọn òǹtajà fi ń kọ̀

A kò gbọdọ̀ ka gbogbo òǹtajà sí ọ̀dájú. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ra ọjà lọ́wọ́ alájàpá ńlá tí kì í gba nǹkan kan padà lọ́wọ́ tiwọn, èrè orí ọjà kan kò sì tó ohun tí wọn yóò fi gbé àdánù rẹ̀. Àwọn kan sì ti rí ẹ̀tàn. Ẹnì kan yóò ra aṣọ ní ọjọ́ Ẹtì, yóò wọ̀ ọ́ lọ sí òde ní Sátidé, yóò sì dá a padà ní ọjọ́ Ajé pé kò bá òun mu. Ẹlòmíràn yóò yọ ohun inú fóònù tuntun, yóò fi àlòkù rọ́pò rẹ̀, yóò sì pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Àwọn ọjà kan tún wà tí ìlera ènìyàn kò gbà kí a tún wọn tà: oògùn tí a ti gbé délé, àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí a ti wọ̀.

Ìwé Mímọ́ mọ ìwà àwọn méjèèjì. Ní Òwe 11:1 ni a ti kà nípa ìwọ̀n èké tí Olúwa kórìíra. Ṣùgbọ́n ní Òwe 20:14, olùrà ni a bá wí, ẹni tí ó ń bu ọjà kù lójú òǹtajà, tí ó sì ń fi í yangàn nígbà tí ó bá ti lọ. Léfítíkù 25:14 sì kó tọ̀tún tòsì pọ̀: yálà à ń tà ni tàbí à ń rà, kí a má ṣe rẹ́ ọmọnìkejì wa jẹ.

Ìgbésẹ̀ tí olùrà lè gbé

Èkíní, kí olùrà béèrè kí ó tó sanwó: bí ọjà yìí bá ní àbùkù, kí ni ẹ ó ṣe, ọjọ́ mélòó ni ẹ sì fún mi? Kí ó sọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ọjà ṣe, bí ó bá sì ṣe é ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ sí ara rìsíìtì. Ohun tí ó bá ń lo iná, kí wọ́n tàn án wò níwájú rẹ̀.

Èkejì, kí ó tọ́jú rìsíìtì àti páálí ọjà. Bí ó bá rí àbùkù, kí ó dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró, kí ó sì padà lọ kíákíá. Ẹni tí ó lo ẹ̀rọ fún oṣù mẹ́fà kí ó tó ráhùn ti sọ ẹjọ́ ara rẹ̀ di aláìlágbára.

Ẹ̀kẹta, kí ó bá ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Ìlànà tí Olúwa wa fi lélẹ̀ ní Mátíù 18:15 nìyí, ó sì wúlò lọ́jà gẹ́gẹ́ bí ó ti wúlò nínú ìjọ. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu kò bá yọrí, kí ó kọ lẹ́tà, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí gbogbo èyí bá já sí asán, kí ó gbé ẹ̀sùn lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ FCCPC. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ ààbò oníbàárà ti ìpínlẹ̀ náà wà, tí a mọ̀ sí LASCOPA. Láti ọdún 2018 sì ni Èkó ti ní kóòtù fún àwọn ẹjọ́ gbèsè kéékèèké.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń tajà láàárín wa

Bí ìkìlọ̀ yẹn bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ ìjọ, tàbí ní ilé ìtàwé ìjọ fúnra rẹ̀, ó tó àkókò kí a yọ ọ́ kúrò. Ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ kò ṣòro: bí ọjà bá ní àbùkù, ẹ mú un padà pẹ̀lú rìsíìtì láàárín ọjọ́ báyìí, a ó tún un ṣe, tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí a dá owó yín padà, bí ọkàn yín bá yí padà, a ó bá yín pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ kò bá tí ì lò ó. Kí a sì fún ọmọ iṣẹ́ ní àṣẹ láti ṣe é, kí oníbàárà má baà máa dúró de ọ̀gá tí kò ní dé.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú ọjà onígbàgbọ́. Nígbà tí Sákéù gba Jésù sí ilé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti kà ní Lúùkù 19, ó mẹ́nu ba owó tí ó bá fi èrú gbà, ó sì ṣe ìlérí láti dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Òfin ilẹ̀ wa kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Iye tí olùrà san gan-an ni ó ní kí a dá padà.

Ẹ̀yin àlùfáà àti olórí ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ ìjọ méjì bá gbé irú ẹjọ́ yìí wá, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìdáríjì nìkan pa á mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí a tà, ohun tí a sọ nígbà tí a ń tà á, àti bí ọjà náà ti rí. Ìdáríjì dára, ṣùgbọ́n opó tí ó ń ta ẹ̀kọ ṣì nílò owó rẹ̀. Kí Olúwa kí ó fún wa ní ọkàn òdodo nínú ríra àti nínú títà. Àmín.