Ìpá: Èyí Tó Kéré Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Àìsàn méjì là ń pè ní ìpá. Bí àpò ẹpọ̀n bá ti wú, ìpá ni, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n omi ló kún inú ti ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá. Ìpá tí à ń sọ níbí kì í ṣe olómi. Ìfun tàbí ọ̀rá inú ló rí àyè níbi tí ẹran tó bo ikùn kò ti lágbára, tó yọ síta. Bí ènìyàn bá wúkọ́, á yọ; bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á padà wọlé.

Nínú mẹ́rin rẹ̀, bíi mẹ́ta ló ń yọ níbi tí ikùn ti pàdé itan, ọkùnrin ló sì ń ṣe jù. Inú ikùn ni kóró ẹpọ̀n ọmọkùnrin wà kó tó sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà tó gbà kì í sì í dí tán nígbà mìíràn. Ìṣirò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nínú ọkùnrin 100, bíi 27 ni yóò ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ láyé wọn. Obìnrin kò ju bíi 3 lọ.

Ìdodo ọmọ tó yọ gọnbu ńkọ́? Agbẹ̀bí ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi pé kò gé ìwọ́ dáadáa. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn ni. Ìpá lòun náà: ihò tí ìwọ́ gbà kọjá ni kò tíì pa dé, èyí tó pọ̀ jù á sì pa dé fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 5. Kọ́bọ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ọn kò ṣe nǹkan kan, àfi kó bó o lára. Ìpá mìíràn ń yọ lójú àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́, òmíràn láàárín ìdodo àti igẹ̀.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni ti òkè itan, tó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ó lè má ju èkùrọ́ lọ, ẹni tó ni ín lè má kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹnu ihò rẹ̀ há. Ìfun tó bá há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́, láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè kú. Bí ìpá èyíkéyìí bá le gbandi, tó ń dunni, tí kò padà wọlé mọ́, tí èébì dé, tí ìsó pàápàá kò yọ, ọsibítù ni lóru ọjọ́ náà. Ẹ má tì í wọlé tipátipá, ẹ má sì mu àgbo sí i.

Yàtọ̀ sí ti ìdodo ọmọdé, abẹ ló ń wo ìpá. Edoardo Bassini, ará Ítálì, ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà tó dájú hàn, ní nǹkan bí ọdún 1887: ó rán ẹran pọ̀. Lóde òní, àwọ̀n ni wọ́n sábà ń tẹ́ sí ojú ihò lára àgbàlagbà, ó sì wọ́n. Ní Ùgáńdà, àwọn dókítà fi irú àwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe àwọ̀n ẹ̀fọn wé olówó ńlá lára ọkùnrin 302. Ìwádìí náà jáde ní 2016. Lẹ́yìn ọdún kan, ìpá ẹnì kan ṣoṣo ló padà yọ nínú àwọn tó gba ti ẹ̀fọn. Wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀ kó tó wọ ara ènìyàn o. Kì í ṣe èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín.