Bọ́ọ̀sì Di Ilé, Ó Di Abẹ́òkúta!

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ kan tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ bí ilé. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ibi ìdáná wà, ilé ìgbẹ́ pàápàá wà. Ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì á wa ilé ẹ̀ lọ wo ìlú àtijọ́, á sì yà wo bárékè sójà tó wà nítòsí. Ará Ọmọ́lé lè ní ọ̀rọ̀ olówó nìyẹn. Olówó kẹ̀? Bọ́lẹ̀kájà tí àwọn kápẹ́ńtà wa ń fi pákó kàn láyé ọjọ́sí ńkọ́? Ṣebí orí àpò ẹrù inú ẹ̀ làwọn ìyá ọlọ́jà ń sùn mọ́jú!

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ọjọ́dù, Ìkẹjà àti Agége lè ṣe é. Wẹ́dà á yọ ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì àtijọ́, kápẹ́ńtà á kan pèpéle tó ṣeé tẹ́ní lé, rewáyà á fa gílóòbù kan. Ṣùgbọ́n ẹ má dáná nínú ọkọ̀ o! Ìta ni kẹ́ ẹ gbé sítóòfù sí.

Abẹ́òkúta ló yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè gba Agége, Sàńgó-Ọ̀tà àti Ifọ̀, tàbí kẹ́ ẹ gba Berger bọ́ sí márosẹ̀ Ìbàdàn, kẹ́ ẹ yà ní Ṣágámù. Àdìrẹ Ìtókù ló ń fa ọ̀pọ̀ ìyá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú ogun ni. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Máàṣì 1851, Gezo ọba Dàhòmì kó ogun dé ẹnubodè Aró, àwọn obìnrin sì wà lára àwọn jagunjagun rẹ̀. Ìtàn ní ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá rí i pé obìnrin ló ń bá wọn jà ni inú wá bí wọn gidi. Wọ́n lé Dàhòmì padà. Wọ́n tún padà wá ní 1864, ìyà kan náà ló jẹ wọ́n.

Olúmọ ga, ó tó mítà 137 sórí òkun. Wọ́n fi ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀ ní 2006; bí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé, orúnkún á sọ tẹnu ẹ̀.

Sójà òde òní wà ní bárékè Alámàlà, lápá ọ̀nà Ayétòrò. Ará Ìkẹjà kò sì nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù bárékè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Jánúárì 2002, ilé ìkóbọ́ǹbù sí ní bárékè Ìkẹjà bú gbàmù. Ó ju 1,000 ènìyàn tó kú. Ọ̀pọ̀ wọn ni bọ́ǹbù kò tilẹ̀ kàn: kánáàlì Òkè-Àfà ló gbé wọn níbi tí wọ́n ti ń sá lọ nínú òkùnkùn, ọmọ wà lẹ́yìn àwọn mìíràn.

Nítorí náà, bí bọ́ọ̀sì yín bá ń kọjá ní Alámàlà, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má sì tẹ́ní sùn sí tòsí géètì. Bó bá ti ṣú, ẹ dín iná iwájú kù, kẹ́ ẹ tan ti inú kí wọ́n lè rí ojú yín. Bẹ́ ẹ bá sì wà níbẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí fèrè dún, tí wọ́n ń sọ àsíá kalẹ̀, ìyá tó gbé ẹrù àdìrẹ lérí pàápàá á dúró gbagidi títí fèrè á fi dákẹ́.