Kí ló mú kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí podcast máa gùn tó bẹ́ẹ̀?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Lex Fridman, olóòtú podcast kan, gbé ètò kan jáde nípa ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Neuralink ń fi sínú ọpọlọ ènìyàn. Ó lé ní wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ nígbà tó wọṣẹ́ láàárọ̀, á ti ṣíwọ́ kí ètò náà tó parí. Elon Musk, ọ̀kan lára àwọn tó dá Neuralink sílẹ̀, sọ̀rọ̀, oníṣẹ́ abẹ tó ń fi ẹ̀rọ náà síni lórí sọ̀rọ̀, Noland Arbaugh tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí lórí náà sọ tirẹ̀. Ìjàǹbá inú omi ló sọ ọ́ di ẹni tí ara rẹ̀ rọ láti èjìká dé ẹsẹ̀.

Báwo ló ṣe di gígùn?

Lórí rédíò, aago ni ọ̀gá. Láti ọdún 1998 ni ètò In Our Time ti ń kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ lórí BBC, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 péré ni wọ́n ní, nítorí pé ètò mìíràn ti ń dúró lẹ́yìn. Podcast kò ní irú ìdíwọ́ yìí. Wọ́n á gbé ohùn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù á wà á sórí fóònù rẹ̀, á sì gbọ́ ọ nígbà tó bá ráyè. Ọdún 2004 ni orúkọ "podcast" kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Guardian. Nígbà tó di 2005, Apple ti fi podcast sínú iTunes.

Èrè wo ló wà níbẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ohun tí ọ̀mọ̀wé ti sọ káàkiri ló sábà máa ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń pẹ́, ìbéèrè á kàn án níbi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Mindscape, ètò tí Sean Carroll, onímọ̀ físíìsì, dá sílẹ̀ ní 2018, kún fún irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó kí ọ̀jọ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, kó ní, "Mi ò mọ̀." Ibẹ̀ ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, Roger Penrose, onímọ̀ físíìsì kan, ṣàlàyé fún Fridman pé òye ènìyàn ju ìṣírò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ. Ọdún yẹn kan náà ló gba ẹ̀bùn Nobel, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lórí black hole, ohun inú òfurufú tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀, ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òye. Síbẹ̀, nígbà tó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, olùgbọ́ lè tọ́ka sí ibi tí òun ti yà kúrò lọ́nà tirẹ̀.

Kí ló yẹ ká ṣọ́ra fún?

Ọ̀rọ̀ púpọ̀, irọ́ ní ń mú wá. Olóòtú kan ṣoṣo kò lè mọ gbogbo iṣẹ́ débi tí yóò fi yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ àlejò wò. Bí àlejò bá sọ ohun tó yani lẹ́nu, ẹ wá ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí gígùn rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹ ṣe ń dáná tàbí tí ẹ ń fọṣọ. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti ní òun kò mọ̀, ẹ dá a dúró níbẹ̀, kí ẹ̀yin náà rò ó wò.