Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé kọ̀ǹpútà ń mú ọmọ iléèwé mọ̀wé lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí kọ̀ǹpútà bá ti wọ iléèwé, ọmọ ti mọ̀wé nìyẹn. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Peru. Ìjọba ibẹ̀ pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fáwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìgbèríko. Àwọn olùṣèwádìí yẹ iléèwé 319 wò. Àbájáde tí wọ́n gbé síta ní 2012 fi hàn pé àwọn tó gba kọ̀ǹpútà kò mọ ìṣirò àti ìwé kíkà ju àwọn tí kò gbà lọ. Wọ́n kàn já fáfá díẹ̀ sí i nínú ìdánwò làákàyè ni. Ẹ̀rọ dé, ọ̀nà ìkọ́ni kò yí padà. Íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá kò sí ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléèwé náà.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìlú Bìní, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní 2024, fún ọ̀sẹ̀ 6, àwọn ọmọ girama ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) lórí kọ̀ǹpútà láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí iléèwé bá ti parí, olùkọ́ sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Máàkì wọn gòkè, pàápàá tàwọn tó ń wá déédéé.

Torí náà, kí iléèwé ọmọ yín tó gbowó kọ̀ǹpútà, ẹ bi wọ́n: olùkọ́ wo ló máa jókòó ti àwọn ọmọ náà?