Ọlátúnjí Ọmọ Àjídò, Ẹni tí Ó Gbé Ìlù Ilé Wọ Inú Orin Jazz

Wusasa kì í ṣe ìlú ńlá. Ẹ̀yìn odi Zaria ni ó wà, ní ìwọ̀ oòrùn, nítòsí òkè Kufena. Ní ọdún 1929 ni Dókítà Walter Miller àti àwọn ọmọ ìjọ C.M.S. kó kúrò láàrin ìlú Zaria wá tẹ̀dó síbẹ̀, tí wọ́n sì fi amọ̀ mọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Bartholomew gẹ́gẹ́ bí àwọn Hausa ti ń mọ ilé wọn. Ibẹ̀ ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé dàgbà. Ilé ìwé wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, èdè Hausa ni wọ́n sì fi ń kọrin sí Ọlọ́run lọ́jọ́ Ìsinmi. Yorùbá tí iṣẹ́ bá gbé dé irú àyíká bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ mọ̀ pé etí ni ó kọ́kọ́ ń ṣàárò ilé, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àmàlà. Gángan kì í jí i láàárọ̀, dùndún kì í sìn ín wọlé lálẹ́.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fà mọ́ra. Láti ọdún 1955 ni ilé iṣẹ́ Voice of America ti ń fi orin jazz ránṣẹ́ sí gbogbo àgbáyé lóru, tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Willis Conover sì ń ṣe olóòtú ètò náà. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kí ó lè yé ẹni tí kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 1996. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé díẹ̀ nínú àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó mọ̀ ọ́n, nítorí òfin kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà máa bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá gbọ́ jazz, a máa dà bí ariwo ọjà. Afunfèrè ń lọ sí ọ̀nà kan, atẹdùùrù ń lọ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n etí tí ó bá ti mọ dùndún kò ní pẹ́ rí okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Nínú agbo dùndún, gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti ìṣáájú ni í di ilẹ̀ mú. Ìyáàlù ni í sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ ohun tí ìyáàlù yóò sọ sínú ìwé fún un. Bí ó bá rí ẹni tí ó wọlé, a kì í. Bí ó bá rí ahun, a sọ ọ́ lóhùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni jazz. Ìlù àti gòjé ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ a di ilẹ̀ mú, fèrè a máa sọ ohun tí ó bá wá sí i lọ́kàn lójú ẹsẹ̀, bí ó bá sì sọ tán, a yà fún ẹlòmíràn. Ibi tí orin náà ti ń wọ Yorùbá lára nìyẹn.

Ibi tí a ti ń gbọ́ orin àjèjì yìí ni orúkọ ilé yóò ti já lu ènìyàn lójijì. Ní ọdún 1962, John Coltrane, ọ̀gá nínú àwọn tí ń fọn fèrè saxophone, ṣe orin kan, ó sì pè é ní "Tunji".

Ta ni Túnjí? Michael Babátúndé Ọlátúnjí ni, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1927 ni a bí i. Apẹja ni baba rẹ̀, Ègùn sì ni ìyá rẹ̀. Baba náà ti kú ní oṣù méjì kí wọ́n tó bí ọmọ, ìdí orúkọ rẹ̀ kò sì ṣókùnkùn sí Yorùbá kankan. Ní ọdún 1950, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbé e lọ sí Morehouse ní Atlanta, ilé ẹ̀kọ́ tí Martin Luther King jáde ní ọdún 1948. Ẹ̀kọ́ ìṣèlú ni ó kọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ikọ̀ ìjọba ni ó sì ń fojú sí. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí yunifásítì New York, níbi tí owó ti wọ́n ọn. Ìlù tí ó fi ń wá owó ilé ìwé ni ó wá gbà á lọ́wọ́ ilé ìwé.

Ní ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo orin rẹ̀ jáde, Drums of Passion. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni Chief Bey, Montego Joe àti Taiwo Duvall tí wọ́n bá a lu ìlù, síbẹ̀ èdè Yorùbá ni orin wọn. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà, "Akiwowo", ìkíni sí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Zaria kò nílò àlàyé lórí èyí. Láti ọdún 1912 tí ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Zaria àti Kano, rélùwéè ni ó gbé ọ̀pọ̀ baba àti ìyá Yorùbá wá sí Sabon Gari. Ìyẹn ni pé orin tí àwọn aláwọ̀ funfun ń jó sí ní New York, ìtàn àwọn baba yín ni.

Àwọn olórin jazz kò jókòó lásán. Ní ọdún 1960 kan náà, onílù ńlá nì, Max Roach, pe Ọlátúnjí sínú àwo orin tí ó fi bèèrè òmìnira fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1969, Carlos Santana sọ "Jin-go-lo-ba" di orin àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1964, Serge Gainsbourg ará Faransé ti mú orin mẹ́ta láti inú Drums of Passion, ó fi wọ́n sínú àwo tirẹ̀, kò sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí ní yíyá, ẹni tí wọ́n yá nǹkan rẹ̀ kò mọ̀ sí i.

Nílé ńkọ́? Ní oṣù kejìlá ọdún 1961, Ọlátúnjí bá Lionel Hampton, Nina Simone àti Randy Weston wá ṣeré ní Èkó. Àwọn ènìyàn wò wọ́n, wọ́n sì padà sídìí jùjú àti àpàlà wọn. Fẹlá pàápàá, nígbà tí ó ti London dé ní ọdún 1963, jazz ni ó gbé bọ̀. Ìgbà tí ó pò ó mọ́ highlife ni ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, I. K. Dáíró àti Hárúnà Ìṣọ̀lá ni ọmọdé mọ̀. Ọmọ Àjídò di ẹni tí àlejò ń bèèrè lọ́wọ́ ará ilé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni ó sì kan Yorùbá ìdálẹ̀ jù nínú ìtàn yìí. Ọmọ tí a bí sí Wusasa ń sọ Hausa bí ẹni mu omi, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n bí ìyáàlù bá ki baba rẹ̀ níbi ìnáwó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Hausa àti òun á jọ máa wojú ara wọn ni. Ọlátúnjí pé ẹni ọdún 23 nígbà tí ó kúrò nílé, ìyókù ayé rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Amẹ́ríkà tán. Kò dúró de ẹni tí yóò wá ti ilé kọ́ àwọn ọmọ. Ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan ní òpópónà 125 ní Harlem, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ìlù, ijó àti èdè. Coltrane wà lára àwọn tí wọ́n fi owó ràn án lọ́wọ́.

Ibẹ̀ náà ni Coltrane ti ṣeré ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967. Pharoah Sanders wà níbẹ̀ pẹ̀lú fèrè tirẹ̀, Alice aya Coltrane jókòó sídìí dùùrù, Algie DeWitt ń lu bàtá. Àìsàn ti wà lára Coltrane; kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ó fi kú, ní ọjọ́ 17 oṣù keje, ẹni 40 ọdún. Kò sí eré ojú agbo mìíràn tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ohùn inú rẹ̀ kò mọ́, ó ń ha etí, kì í sì í ṣe ibi tí ó yẹ kí àkọ́gbọ́ jazz ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n tó gbé e jáde fún títà, orúkọ Ọlátúnjí sì ni wọ́n fi pè é. Ó ṣì wà láàyè nígbà náà. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2003 ni ó kú ní Salinas, ní California, nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ó pé ẹni 76 ọdún.